Ọtí Ń Pa Á: Èsì Mi Fún Àwọn Tí Ó Ní Ìpàdé Kì Í Ṣe Ti Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń retí apá kejì àlàyé mi lórí àrànmọ́ fáwẹ̀lì, ẹ forí jì mí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun tí n kò lè gbé mì, n kò sì lè tu ú dànù. Gírámà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí a ti ń jíròrò lórí aṣọ tí a óò wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba, mo dìde, mo sì bẹ̀bẹ̀ fún ohun kékeré kan. Mo ní kí ẹgbẹ́ yọ̀ǹda yàrá tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa fún wákàtí kan àti ààbọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn tí ó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lè máa jókòó níbẹ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. A kò bèèrè owó. A kò bèèrè oúnjẹ. Àga mẹ́wàá péré ni. Kí n tó jókòó, ẹ̀rín ti bú. Ẹnìkan ní, 'Dókítà, ṣé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí ni ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ni?' Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìsàlẹ̀ wa, àgbàlagbà tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí n óò sì tún máa dọ̀bálẹ̀ fún, ni ó wá sọ gbólóhùn tí ó mú mi kọ èyí: 'Àṣà òyìnbó nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í ṣí aṣọ lójú ará ọjà.' Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. A padà sórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé páálí bíà wọlé kí ìpàdé lè parí pẹ̀lú ayọ̀.

N kò lè dá àgbà lóhùn ní gbangba. Ibí yìí ni mo ti ń dá a lóhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ó ti fún mi láyè láti sọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ àdúgbò rẹ̀. Aránṣọ ni. Bí ẹ bá ti wo Ojúde Ọba rí, ó ṣeé ṣe kí ojú yín ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti jọ ń bọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárọ̀. Kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ àfi bí ó bá kọ́kọ́ da ife ògógóró kan sọ́fun. Ife kan di méjì, méjì di ọtí inú ọ̀rá tí ó ń fi sínú àpò ṣòkòtò bí ẹni fi góòrò sápò. Aṣọ oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan wà tí aṣọ ẹgbẹ́ odindi kan kò parí títí Iléyá fi kọjá, tí àwọn ènìyàn sì wá kó gígé aṣọ wọn lọ pẹ̀lú èébú.

Àwọn ẹbí gbé e lọ sí ilé àdúrà kan. Wọ́n so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sunkún wá bá mi: 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o, wọ́n fẹ́ pa á mọ́ mi lọ́wọ́ lórúkọ ìwòsàn.' A gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ mókun, ó padà sílé. Ọjọ́ kẹwàá ni ó tún mu ún. Ilé ìwòsàn ti lé ọtí jáde lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde láìmu ọtí.

Nọ́ọ̀sì kan ni ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìpàdé wà, pé àwọn tí ọtí ti bà jẹ́ rí ń péjọ, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri nìyẹn. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ọdún mẹ́fà yóò nà án sí yín. Bí ẹ bá béèrè ibi tí wọ́n ti ń fi í sílẹ̀, ẹni tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wo ojú yín, láti mọ̀ bóyá ẹ̀yin gan-an ni. A kò rí èyí tí ó sún mọ́ wa. Èkó ni a ti rí i.

Àárọ̀ Sátidé ni a máa ń gbéra ní Gáréèjì Èkó. Ẹni tí ó bá mọ gáréèjì mọ̀ pé àwọn tí ń ta páràgà ti máa ń jí kí bọ́ọ̀sì tó kún. Bí ọ̀rẹ́ mi bá fẹ́ lọ sí ibi tí wọn yóò ti gbà á lọ́wọ́ ọtí, àárín ọtí ni ó ní láti gbà kọjá. Èmi á dì í mú lápá bí ìyàwó tuntun. Ṣágámù, lẹ́yìn náà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì márosẹ̀, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, gbogbo ọjọ́ náà ti lọ. Aránṣọ tí ó ń pàdánù Sátidé, ẹ mọ ohun tí ó ń pàdánù.

Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀. Ìlànà wọn ni, ó sì dára. Mo kàn lè sọ pé ìpàdé tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà lè jókòó sí ni, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àti pé ọ̀rẹ́ mi, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju ti ojú ọjà lọ, jókòó bí odi lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹta, wọ́n ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó dìde. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé: 'Ọtí ń pa mí.' Ó sì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù fún mi lé lórí. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí: ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, òtútù ń mú mi, oorun ń kùn mí, orí ń fọ́ mi. Nínú gbogbo wọn, èmi kọ́ ni olùwà. Ebi ni olùwà, òtútù ni olùwà. Ipò àbọ̀ ni èmi wà, ẹni tí nǹkan ń ṣe. 'Ọtí ń pa mí' bá wọn tò sórí ìlà kan náà. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ti gbà pé òun kọ́ ni ó di ọwọ́ ọ̀kọ̀ mú. Òótọ́ ni pé a tún ń sọ pé ẹnìkan 'mutí yó', níbi tí ẹni náà ti jẹ́ olùwà. Èdè fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ fún ẹni náà ní orúkọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a máa ń gbà. A ó mú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀-, a ó fi ṣáájú mu àti ọtí, ó di ọ̀mùtí. Mọ́fíìmù kan náà ni a fi ṣẹ̀dá ọ̀mọ̀wé. Èmi ti gbàgbé ìdajì ohun tí mo kọ sínú ìwé oyè mi, síbẹ̀ Ọ̀mọ̀wé ni wọn yóò kọ sí pátákó ibojì mi. Ọ̀rẹ́ mi lè fi ogún ọdún yàgò fún ọtí; ọ̀mùtí náà ni wọn yóò máa pè é lẹ́yìn.

N kò sọ pé gírámà ni ó ń wo àìsàn sàn o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ pé mo kórìíra irú àsọdùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí bàbá wa ní àṣà òyìnbó ni, mo rántí pé gbólóhùn àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó náà ń retí lẹ́nu ẹni tí ó bá dé ìpàdé wọn ni kí ó jẹ́wọ́ pé ọtí ti borí òun. Ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń sọ ọ́ látayébáyé, ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta àti atọ́ka kan.

Ta ni àwọn òyìnbó náà? Ìtàn wọn kò gùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọkùnrin oníṣòwò ìpín ìdókòwò kan láti New York, Bill Wilson, wà ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Òwò tí ó bá wá ti fọ́. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó fi ọtí sílẹ̀. Ó dúró nínú ilé ìtura, ó ń gbọ́ ariwo ilé ọtí lápá kan, tẹlifóònù wà lápá kejì. Ó yan tẹlifóònù. Ó ń pe àwọn àlùfáà ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pé kí wọ́n gbàdúrà fún òun, bí kò ṣe pé kí wọ́n fi òun mọ ẹlòmíràn tí ọtí ń bá jà. Báyìí ni ó ṣe pàdé oníṣẹ́ abẹ kan, Dókítà Bob Smith. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni dókítà náà ní òun yóò fún un; wákàtí lórí wákàtí ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún náà ni Dókítà Bob mu èyí tí ó mu kẹ́yìn, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Alcoholics Anonymous. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1939. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ènìyàn fẹ́ jáwọ́. Àwọn ìyàwó àti ẹbí náà ní tiwọn, Al-Anon, láti ọdún 1951. Bí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ti ń jókòó nìkan lóru, mo mọ ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀.

Ohun tí ó jọ mí lójú nínú ìtàn yìí ni pé kò sí oníwàásù nínú rẹ̀. Àwọn méjì tí nǹkan kan náà ń pa ni wọ́n jókòó. Ṣé òyìnbó ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọbàtálá. Gbogbo yín ni ẹ mọ ìtàn náà. Olódùmarè rán an níṣẹ́ láti wá dá ilé ayé. Ó mu ẹmu lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà gbé àpò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ náà, ẹmu di èèwọ̀ fún òrìṣà náà àti fún gbogbo ọmọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Èkíní, kò sí ẹni tí ó ń pe Òrìṣà Ńlá ní ọ̀mùtí. Ó ṣì, ó sọ iṣẹ́ nù, ó jáwọ́, a sì ń wọ aṣọ funfun nítorí rẹ̀. Èkejì, èèwọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Odindi ilé ni ó jọ ń pa á mọ́, tí ẹnìkan ń ṣọ́ ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá ní kò sí ẹgbẹ́ tí kì í mutí nílẹ̀ Yorùbá kò mọ ilé àwọn olórìṣà.

Ti àìdárúkọ ńkọ́? Wọ́n ní ìwà ẹ̀tàn ni kí ènìyàn wà nínú ẹgbẹ́ kí ó má sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Àwa tí a ń pe ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ eégún ní ará ọ̀run, tí gbogbo wa sì mọ ilé rẹ̀! Àwa tí a ní Òṣùgbó, tí ohun tí wọ́n bá sọ nílédì kì í jáde! Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí a kò fẹ́ dárúkọ: Lágbájá. A ní Tàmẹ̀dò pẹ̀lú. Èdè mélòó ni ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, tí gbajúmọ̀ olórin tilẹ̀ fi ṣe orúkọ, tí ó sì fi ìbòjú bo ojú rẹ̀ nítorí rẹ̀?

Níbi orúkọ, mo gbà pé ìtumọ̀ tààrà kò ní ṣiṣẹ́. Ẹnìkan dábàá 'Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mùtí Aláìlórúkọ' fún mi. Mo ní kí ó jọ̀wọ́. Aláìlórúkọ ní èdè wa kì í ṣe ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ẹni tí kò níláárí ni. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ ọ̀mùtí, ẹ ti bú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọlé. Afọtísílẹ̀ ni mo dá lábàá: a-fi-ọtí-sílẹ̀. Bí àfòmọ́ bá lè so ènìyàn mọ́ ohun tí ó ń pa á, ó yẹ kí ó lè so ó mọ́ ohun tí ó ṣe nípa rẹ̀. Ẹ̀yin onímọ̀ èdè tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, mo ń retí yín.

Mo wá sórí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, níbi tí ó dùn mí jù. Ìlú wo ni a fẹ́ kọ́ ní ẹgbẹ́, tí a bá yọ Ìjẹ̀bú kúrò? Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni ó mú kí gbogbo ayé máa wo Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá: ọkùnrin àti obìnrin tí a bí ní sáà kan náà, tí wọ́n jọ ń dáwó, tí wọ́n jọ ń sin òkú ara wọn. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó jọba láti ọdún 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, ni ó jí ètò náà dìde lóde òní. A mọ bí a ti ń jókòó yípo. A mọ bí a ti ń dá èsúsú, tí ẹni tí nǹkan sú yóò kó ṣáájú. Gbogbo ohun tí ìpàdé àwọn afọtísílẹ̀ nílò ni a ti ní, àfi yàrá. Tàbí kí n sọ pé yàrá náà wà. Ọtí ni a kó sí i.

Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa jẹ nípa ẹ̀rín tí ó bú nínú gbọ̀ngàn yẹn. A ti kọ́ ẹ̀rín náà tipẹ́. Nígbà tí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1952, akọni inú rẹ̀ ń mu ike ẹmu 150 láàárọ̀ àti 75 nírọ̀lẹ́. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré ní ọdún 1963, Lánkẹ́ Ọ̀mùtí wọ orí ìtàgé, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ń kọ́ ìwé náà ní kíláàsì, n kò sì ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n akọni náà rin ìrìn-àjò dé ìlú àwọn òkú nítorí adẹ́mu rẹ̀. Mo ti sìn ju ẹnìkan lọ tí kò padà láti ibẹ̀. Mo ti wà níbi ìsìnkú ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé ọtí ni ó jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé ìkéde ní 'lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́'. Páálí bíà tí wọ́n tò síbi ìnáwó náà ga ju mí lọ.

Àwọn kan yóò ní ìjọ àti mọ́sálásí ti tó. N kò bá àdúrà jà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti jáwọ́ ni yóò sọ fún yín pé Ọlọ́run ni ó gbà wọ́n, ìgbésẹ̀ ẹgbẹ́ náà sì fi àyè sílẹ̀ fún olúkúlùkù láti ké pe Ọlọ́run bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo Mùsùlùmí tí ọtí ń pa ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ bí tiwa. Níwájú ta ni yóò ti sọ ọ́? Ẹ wo Kristẹni tí ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí ó ń jẹ tọ́ọ̀mù-tọ́ọ̀mù kí òórùn má bàa jáde. Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ dára kọ́ ni a ti ń sọ pé a kò dára.

Ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi epo bọ̀yọ̀. Ní ọdún 2019, Human Rights Watch fi ìròyìn síta lórí bí wọ́n ti ń so àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní àwọn ibi ìtọ́jú ní Nàìjíríà, ti ìjọba, ti ẹlẹ́sìn àti ti ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti fi hàn gbogbo àgbáyé, ní Àrò, ní àwọn ọdún 1950, pé aláìsàn ọpọlọ lè máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ó máa jẹun pẹ̀lú wọn, kí ó sì máa gbádùn sí i. Láti Abẹ́òkúta sí Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà. Báwo ni ẹ̀kọ́ náà kò ṣe rí ọkọ̀ wọ̀?

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ó lè gba ẹ̀mí là: ẹni tí ó ti ń mutí gidigidi lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Gìrì lè gbé e, ó lè máa rí ohun tí kò sí, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Àrò ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn ti di bárakú fún. Ìpàdé kò rọ́pò dókítà. Lẹ́yìn dókítà ni iṣẹ́ ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ní ọdún 2020 àjọ Cochrane, tí ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 27 jọ, nínú èyí tí ó lé ní 10,000 ènìyàn wà. Wọ́n rí i pé ètò tí ó ń tọ́ ènìyàn sọ́nà irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ta àwọn ìtọ́jú mìíràn tí a mọ̀ yọ ní ti kí ènìyàn jìnnà sí ọtí pátápátá. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí náà, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe tiwa nígbà náà, kí a tó rẹ́rìn-ín.

Ìjọba ńkọ́? Ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 sọ pé ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Nàìjíríà láti ọmọ ọdún 15 sí 64 ni ó lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan. Gbogbo ìwé ìròyìn pariwo. Iye náà kò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. NAFDAC kéde ìfòfindè lórí ọtí inú ọ̀rá ní oṣù Kejì ọdún 2024, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, rọ́pò òfin àwọn wèrè tí ó ti wà láti ọdún 1958. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó ti ènìyàn ní agogo mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Mo padà sórí 'ṣíṣí aṣọ lójú ará ọjà'. Bàbá wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ará ọjà ti rí i. Gbogbo àdúgbò ti rí ọ̀rẹ́ mi nínú gọ́tà. Àwọn ọmọdé ti sá tẹ̀lé e. Nígbà tí ó ṣubú, kò sí ẹni tí ó ní kí a fi bò. Ìgbà tí ó dìde ni ẹ fẹ́ kí a fi pamọ́.

Àwọn ará Èkó fún wa ní ìwé. Wọ́n ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá péjọ nítorí àti jáwọ́ lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n ti ń péjọ nísinsìnyí, lẹ́yìn tí ó bá ti ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀, wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kì í sì gbà á nímọ̀ràn àfi bí ó bá béèrè. Fún ọmọ Yorùbá, èyí le ju àìmutí lọ. Sóbò ni wọ́n ń mu. Wọ́n bi ara wọn léèrè bí wọn yóò ṣe ṣe níbi ìdána, nígbà tí wọ́n bá gbé ọtí lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi wúre. Ọ̀rẹ́ mi ní òun máa ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá òun, pé àwọn ni ó ń mu ún báyìí. Ó fún mi láyè láti sọ ìyẹn náà.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n jiyàn lórí bí ẹni tí ó bá dìde yóò ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn á sọ orúkọ rẹ̀, á sì ní alcoholic ni òun. Kò sí ẹni tí ó gbà láti sọ pé 'ọ̀mùtí ni mí'. Wọ́n ní èébú ni, àti pé ìyàwó àwọn ti sọ ọ́ tó. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni: 'Èmi Lágbájá. Ọtí ti pa mí rí, ó sì lè tún pa mí. Lónìí, kò pa mí.' N kò bá wọn dá sí i. Ọ̀mọ̀wé kankan kò lè ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi kì í jókòó tì wọ́n nínú, nítorí n kò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orí bẹ́ńṣì ìta ni mo máa ń wà. Àwọn tí ń kọjá á ní, 'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Dókítà. Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù?' Mo ń dá wọn lóhùn pé aṣọ ni wọ́n ń rán.

Mẹ́jọ ni wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Obìnrin méjì wà nínú wọn. Ìjókòó tí ó wà níbẹ̀ kò gbà ju mẹ́fà lọ, ẹnìkan jókòó sórí ẹ̀rọ, ẹnìkan dúró. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa tún ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀. N óò tún dìde. Àga mẹ́wàá, wákàtí kan àti ààbọ̀.